Kóòtù Tó Gba Àmì-Ẹ̀yẹ ní Yàrá Kẹtàlá

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Yunifásítì Àgbàlá-Odò, ẹ tẹ́tí o! Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ìkàwé, ẹ rọra gbọ́ ọ, ẹ má pariwo! Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́nu géètì, ẹ gbé ẹ̀pà sílẹ̀ ná! Ẹ̀yin tí wọ́n ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ibikíbi tí ẹ bá jáde lọ, ẹ gbọ́ ọ láti ibẹ̀!

Ìgbìmọ̀ Òṣìṣẹ́ jókòó! Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó! Fáànù ò ṣiṣẹ́! Síbẹ̀ wọ́n jókòó! Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n, Alàgbà Ọdẹ́wùnmí tó jẹ́ alága ló ṣáájú wọn, wọ́n sì ti fi òǹtẹ̀ lu àṣẹ tuntun. Akéde kò fi iyọ̀ sí i, kò bu ata sí i. Bí wọ́n ṣe gbé e lé e lọ́wọ́ ló ṣe gbé e wá.

Kí á tó kan àṣẹ, ìròyìn àwọn òṣìṣẹ́ rèé ní ṣókí. Ìyáàfin Adékúnbi tó ń dáná fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti bí ìbejì. Ara ìyá le, ara àwọn ọmọ le, bàbá wọn nìkan ni ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé koríko ti ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dé. Ẹ bá a yọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó yá fláàsì omi gbígbóná Ìgbìmọ̀ lọ́dún tó kọjá, Ìgbìmọ̀ ní kó kú ìgbádùn, kó dá a padà.

Ó tán. Ó wá kan ọ̀rọ̀ ńlá.

Ẹ gbọ́ o! Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù kóòtù ni!

Gbogbo ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ní Àgbàlá-Odò ló mọ àṣà ibẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ yọjú síta, á bọ́ kóòtù rẹ̀, á fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Kóòtù yẹn ló ń sọ fún ayé pé ẹni tó ni òun wà nítòsí. Ó lè wà nílé ìyàgbẹ́. Ó lè wà nídìí àgbàdo sísun. Ó lè wà nílùú mìíràn. Níwọ̀n ìgbà tí kóòtù bá ti wà lórí àga, ọ̀gá wà lórí síìtì nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn.

Kò sí ẹni tí àṣà yìí bá lára mu tó Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin ti Yàrá Kẹtàlá, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba ìwé èsì ìdánwò. Kóòtù rẹ̀ dúdú, bọ́tìnnì rẹ̀ ku ẹyọ kan. Kò sí ẹni tó rí kóòtù yẹn lọ́rùn rẹ̀ rí. Àga ló ń wọ̀ ọ́.

Obìnrin kan ni ẹnìkejì nínú yàrá náà. Màmá Fèrèsé ni gbogbo yunifásítì ń pè é, nítorí ojú fèrèsé ló ń jókòó sí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé, tó ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn ọmọ, tó ń fún wọn ní ìwé. Kò ní kóòtù. Ó ra ọ̀kan nígbà kan, ó sì bọ́ ọ sílẹ̀, torí kì í jẹ́ kí apá rẹ̀ nà dáadáa. Ohùn rẹ̀ kò ga. Bó bá ń sọ̀rọ̀, bíi pé ó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ ni.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Ìgbìmọ̀ dá àmì-ẹ̀yẹ kan sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tí kì í kúrò lórí ìjókòó. Ẹni tó bá gbà á, wọn yóò fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán, kí àtọmọdọ́mọ máa kà á. Màmá Fèrèsé gbọ́, ó ń pín ìwé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó wù ú. Ó wù ú dé eegun! Ọjọ́ Ẹtì ọ̀la yìí ni yóò fẹ̀yìn tì. Ìyá tó bí i lọ́mọ ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó wà nílé, ó sì máa ń bi í bó bá ti ibi iṣẹ́ dé pé ibo gan-an ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí níbi iṣẹ́ tó ti ń jí lọ láti ọdún wọ̀nyí wá. Màmá Fèrèsé á rẹ́rìn-ín, á ní ó kù díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni péńtà tó ń kọ pátákó ń wá sí Àgbàlá-Odò. Ọ̀sẹ̀ yìí ló wá. Ìrọ̀lẹ́ òní ló ń lọ.

Ìgbìmọ̀ yan ènìyàn mẹ́ta láti máa kà wá. Láràárọ̀, lágogo mẹ́wàá, wọ́n á yọjú lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ka kóòtù, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi máa dé Yàrá Kẹtàlá, Màmá Fèrèsé á ti tẹ̀ ba sídìí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, á máa wá fáìlì ọmọ ọlọ́mọ. Á kí wọn láti ibẹ̀. Wọ́n á dá a lóhùn. Wọ́n á bi í bóyá Bàbá wà lórí síìtì. Á ní, "Kóòtù wọn nìyẹn." Wọ́n á kọ ọ́ pé: àga kìíní, ó wà. Wọ́n á wo àga kejì, wọn ò ní rí kóòtù, wọ́n á kọ ọ́ pé: kò sí. Wọ́n á wá ní ó dàbọ̀ o, Màmá.

Ọgọ́ta ọjọ́! Ọgọ́ta! Kóòtù gba ọgọ́ta nínú ọgọ́ta! Màmá Fèrèsé gba òdo! Òdo rogodo!

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé tó kọjá, gbọ̀ngán kún. Alága pe Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin. Kò dáhùn. Alága tún un pè. Ìgbà náà ni akọ̀wé, Ìyáàfin Ṣówándé, rántí, ó sì sọ ọ́ sí i létí. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin ti fẹ̀yìn tì! Ó ti pé oṣù mẹ́rin! Ó wà lóko àgbàdo rẹ̀! Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló ṣe ìdágbére fún un! Alága bu ìrẹsì ìdágbére yẹn lẹ́ẹ̀mejì! Bàbá lọ, kóòtù ò lọ, torí Bàbá ní kí ni àgbàdo fẹ́ fi kóòtù ṣe. Màmá Fèrèsé ní tirẹ̀ rò pé wọ́n mọ̀. Ṣé àwọn kọ́ ló jẹ ìrẹsì ni?

Kí wá ni Ìgbìmọ̀ ọlọ́gbọ́n yóò ṣe? Àkọsílẹ̀ ti wọlé, wọn ò lè pa á rẹ́. Àwọn àgbà ní ènìyàn laṣọ. Ìgbìmọ̀ yí i po, wọ́n ní aṣọ lènìyàn. Wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé kóòtù wá. Wọ́n fi háńgà gbé e gun orí ìtàgé. Alága bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Wọ́n yà wọ́n ní fọ́tò. Wọ́n ní kó bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kò sọ̀rọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yìn pátápátá ni Màmá Fèrèsé jókòó sí. Òun náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dá kóòtù padà sí Yàrá Kẹtàlá, òun ló fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku ara rẹ̀, tó fi kọ́ ẹ̀yìn àga. Ẹnìkan ní kó lọ fẹjọ́ sùn. Ó wo kóòtù, ó wo ẹni náà. Ó ní, "Ṣé kí n wá máa bá kóòtù du nǹkan ni?" Ó jókòó ti fèrèsé rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin.

Fọ́tò ló tú àṣírí. Ẹnìkan fi í ránṣẹ́ sórí fóònù Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin lóko, Bàbá sì rí kóòtù rẹ̀ níbi tí alága ti ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Lánàá, Ọjọ́rú, ló dé, tòun ti bàtà oko, ẹrẹ̀ dé orókún. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ò kọ́kọ́ dá a mọ̀, torí kò sí kóòtù nítòsí rẹ̀. Ó wọlé tọ Ìgbìmọ̀ lọ. Kò jókòó.

Ó ní, "Kóòtù mi ò ṣiṣẹ́ rí. Èmi tí mo ni ín gan-an, ẹ má jẹ́ n purọ́, ìgbà mìíràn ni mo ń ṣe é. Ọdún méjìlá ni mo fi ń jáde lọ jẹ àgbàdo, obìnrin yẹn ló ń dá àwọn tó bá wá mi wá lóhùn. Ká ní òun náà ní kóòtù ni, ilé ìwé yìí ì bá ti tú."

 Ìyáàfin Ṣówándé ṣí ìwé àwọn akànìyàn. Ẹ wá wo nǹkan! Lójoojúmọ́, nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n kọ "kò sí" sí, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ pé: Màmá kí wa, a dúpẹ́. Ọgọ́ta ìgbà! Ẹni tí kò sí ló kí wọn nígbà ọgọ́ta! Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Ojú ti Ìgbìmọ̀, wọ́n dìde, wọ́n forí lé Yàrá Kẹtàlá.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélógún ló wà lórí ìlà níwájú fèrèsé. Alága kọjá gbogbo wọn, ó lọ dúró síwájú. Màmá Fèrèsé kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tò sẹ́yìn. Láti àárọ̀ làwọn wọ̀nyí ti dúró."

Ìgbìmọ̀ tò! Àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ! Nínú oòrùn! Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin náà tò, ó ń mi orí, ó ní òun ò mọ̀ pé ìlà yìí máa ń gùn tó báyìí.

Nígbà tó fi máa kan Alága, ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ tó mú wá. Ó ṣáà ní àwọn wá gba orúkọ rẹ̀ ni, kí péńtà tó lọ. Pé ojú ń ti òun láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n Màmá Fèrèsé nìkan ni àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ mọ̀. Bírò dúró lọ́wọ́ Màmá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, òun ló ń bi àwọn tó wà níta fèrèsé lórúkọ. Kò sí ẹni tó tìta bi í rí.

Ó ní, "Mórádéyọ̀ Ògúnmọ́dẹdé."

Ó nu ojú rẹ̀ nù. Ó ní, "Ta ló kàn?"

Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ! Ẹ gbọ́ àṣẹ o!

Àṣẹ kìíní! Kóòtù kankan kò gbọdọ̀ jókòó dípò ẹni tó ni ín mọ́! Kóòtù tí wọ́n bá bá lórí àga ní òun nìkan, wọn yóò mú un! Mẹ́rìnlá ti wà ní àhámọ́ láti àárọ̀! Ẹni tó bá fẹ́ gba tirẹ̀, kó mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ télọ̀ tó rán an!

Àṣẹ kejì! Awò ojú tí wọ́n gbé lé fáìlì, ìdì kọ́kọ́rọ́, báàgì obìnrin, àti ife tíì tí wọ́n mu dé ìdajì: ọmọ ìyá kóòtù ni gbogbo wọn! Àṣẹ kìíní bá wọn wí!

Àṣẹ kẹta! "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde" kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìgbà tí ẹyin fi ń jinná lọ! Ẹyin adìẹ! Ìgbìmọ̀ ní kí akéde tún un sọ nítorí àwọn kan: ẹyin adìẹ, kì í ṣe ti ògòǹgò!

Àṣẹ kẹrin! Ẹni tó bá ń ka òṣìṣẹ́ gbọdọ̀ kí i, kó sì gbọ́ ìdáhùn láti ẹnu! Bó bá gbọ́ ohùn tí kò rí ènìyàn, kó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí dúrọ́ọ̀!

Àṣẹ karùn-ún! Ènìyàn méjì ẹlẹ́ran ara ni yóò máa jókòó sí Yàrá Kẹtàlá láti ọjọ́ Ajé, torí oṣù mẹ́rin ni ẹnìkan ti ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì níbẹ̀! Ní ti kóòtù dúdú, Ìgbìmọ̀ dárí jì í. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin ti gbé e lọ sóko láàárọ̀ yìí, yóò fi kọ́ igi láàárín àgbàdo, kó máa lé ẹyẹ. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò ṣe láyé rẹ̀ nìyẹn.

Ìjìyà ńkọ́? Ìjìyà le! Ó le gan-an! Ẹni tó bá rú òfin yóò wọ kóòtù rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, yóò dì í ní bọ́tìnnì dé ọrùn, yóò rìn láti géètì dé gbọ̀ngán, yóò sì máa kí gbogbo igi tó bá pàdé lọ́nà pé òun wà lórí síìtì!

Àṣẹ ìkẹyìn. Ẹ rọra gbọ́ eléyìí. Lọ́la, lágogo mẹ́rin, Màmá yóò dìde lórí àga ojú fèrèsé. Kí ẹnikẹ́ni má fi nǹkankan kọ́ ẹ̀yìn àga yẹn títí di ọjọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ kó ṣófo. Kí gbogbo wa kọjá níbẹ̀, kí á wò ó dáadáa, kí á lè mọ bí "kò sí" ṣe ń rí.

Orúkọ rẹ̀ ti wà lára pátákó o! Mórádéyọ̀ Ògúnmọ́dẹdé! Ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹnìkan ṣoṣo ni Ìgbìmọ̀ gbà láàyè. Mọ́tò Ìyáàfin Ṣówándé ló gbé màmá àgbà, ìyá tó bí i, wá láàárọ̀ yìí. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n ní kí á fi ibi tó wà han àwọn. Wọ́n fi ìka tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìka wọn ṣì funfun.

Ọmọ wọn kò tíì rí i. Ó wà lórí ìjókòó. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sọ fún un, kó lọ tò.

Akéde ti jíṣẹ́! Etí ni ó rán an sí, kò rán an sí apá ẹ̀wù! Kálukú padà sórí àga rẹ̀, tara-tara, tẹ̀mí-tẹ̀mí! Agogo sùn o!