Ẹ̀rọ-Ń-Bẹ̀rù-Mi Nílé Onílé

Àwọn kan wà tí wọn ò lè wọ ilé onílé jẹ́jẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń kọ áàpù wà lára wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ẹ̀rọ-Ń-Bẹ̀rù-Mi. Mi ò tíì rí ẹ̀rọ tó jẹ́rìí sí i.

Ó kọ áàpù tí wọ́n á fi máa to ojú ìwé fún màmá tó ni ilé ìtẹ̀wé. Tó bá tẹ́ màmá lọ́rùn, wọ́n á gbà á síṣẹ́. Kò níṣẹ́ mìíràn, àmọ́ ó ti sọ fún àwọn àna rẹ̀ pé òun ti di ọ̀gá níbẹ̀.

Linux, ètò kan tó ń darí ẹ̀rọ, ló wà lórí kọ̀ǹpútà màmá. Níbẹ̀, olúkúlùkù ló ní ilé tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ilé náà sì ní yàrá kan tó fara sin, .config lorúkọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni áàpù tó gbẹ̀kọ́ ń tọ́jú ohun tí onílé bá yàn sí: bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó, àwọ̀ tó wù ú, orúkọ tí wọ́n á máa fi kí i. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé olè ni mí tí n ó fi máa sá pamọ́? Fáìlì tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́!"

Ló bá da gbogbo fáìlì tí ohun tí màmá yàn wà nínú rẹ̀ sí gbangba ilé wọn nínú ẹ̀rọ. Ti lẹ́tà lọ́tọ̀, ti àwọ̀ lọ́tọ̀, ti ìkíni lọ́tọ̀, ó wá kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sára gbogbo wọn. Màmá yìí rèé, bébà kan kì í já bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn kó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ láàárọ̀ ọjọ́ àfihàn áàpù náà, wọ́n rí pàǹtírí, wọ́n gbá a dànù.

Gbogbo òṣìṣẹ́ pé sẹ́yìn àga màmá. Ọ̀gbẹ́ni wú bíi búrẹ́dì inú omi. Ó ní kí màmá tẹ̀ ẹ́ wò, pé áàpù òun ti mọ̀ wọ́n bí ẹní mowó. Màmá tẹ̀ ẹ́.

Áàpù ní: "Ẹ káàbọ̀, àlejò. Ta ni yín?"

Àlejò, nínú ilé ara wọn! Lẹ́tà ńlá tí wọ́n yàn nítorí ojú àgbà ti kéré bí eèrà, màmá ń fi imú wá a lójú ẹ̀rọ. Ẹnì kan lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ikọ́ bò ó.

Ọ̀gbẹ́ni yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní ọ̀tá wà nínú ilé yìí, pé kí ẹni tó fọwọ́ kan fáìlì òun jáde síta.

"Èmi ni," màmá dá a lóhùn. "Mo gbálẹ̀ ilé mi."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ṣé ẹ ò rí orúkọ mi lára wọn ni, mà?"

"Mo rí i. Mo rò pé o gbàgbé ìdọ̀tí ẹ sílẹ̀ ni."

Ọ̀gbẹ́ni wá béèrè, jẹ́jẹ́ báyìí, pé iṣẹ́ tí wọ́n jọ sọ ńkọ́.

Màmá ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Lọ kọ́ ibi tí àlejò ń bọ́ bàtà sí ná."