Ògbufọ̀ Ìjàpá ní Riviera

Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Ti Àrìmíyàù tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí òun ní ẹnu, kò sì jẹ́ kó sinmi. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé sọ́dọ̀ mi ní Siporex, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìgboro, ó sì ti ń sọ kiri pé òun gbọ́ Faransé ju àwọn tó ni ín lọ. Ẹ bi í ní ọ̀rọ̀ kan, á ní "voilà". Ẹ bi í ní ìkejì, á tún ní "voilà".

Èmi Lìádì ni alárenà láàárín òun àti Látífà, nítorí náà ìtìjú rẹ̀ kò lè ṣe kó má kàn mí. Màmá Sidikatou, ìyá àgbà Látífà, ti ń ta aṣọ ní ọjà Adjamé láti ogójì ọdún, ṣùgbọ́n kò kàwé. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá lára ẹni tó máa fẹ́ ọmọ ọmọ rẹ̀: kó lè máa bá a ka ìwé Faransé tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àrìmíyàù ní kékeré nìyẹn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Màmá kó àwa àti Látífà lọ sí ilé sinimá kan ní Riviera, láti wo àwòrán yíyà àwọn ará Japan, irú èyí tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀. Ó mú Àrìmíyàù jókòó ti ara rẹ̀.

"Ọmọ mi, ojú mi kò mọ ìwé. Máa bá mi sọ ohun tí wọ́n ń wí."

Ìyá àgbà kan di ìkùukùu nínú fíìmù náà, ni ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin bá gbé kẹ́tù, ó ń wá a lọ. Ìwé Faransé ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán, Àrìmíyàù kò tiẹ̀ wò ó. Ẹnu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ló tẹjú mọ́.

"Ó ní ata ti tán nílé, òun ń lọ sọ́jà."

Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Ó ní kí n má da òun láàmú.

Ìgbà tí ìjàpá ńlá kan yọ lójú omi ni ọ̀rọ̀ wá bàjẹ́ pátápátá. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wo ni kò mọ Alábahun? Inú Àrìmíyàù dùn bí ẹni tó rí ará ilé.

"Màmá, ẹ má gbà á gbọ́ o. Ó ní kí ọmọ yẹn yá òun ní kẹ́tù, pé ọ̀la lòun máa dá a padà."

Bẹ́ẹ̀ ìjàpá yẹn gbé ọmọ náà sẹ́yìn, ó fi ọjọ́ méje wẹ òkun kọjá, kò jẹ, kò mu. "Ó fẹ́ lọ tà á ni," ni Àrìmíyàù wí. Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀, ìjàpá gbé orí lélẹ̀, ó kú. Látífà ń sunkún. Kí n má parọ́, èmi náà sunkún.

"Ó ń díbọ́n ni," ni Àrìmíyàù wí. "Ẹ dúró, ó máa tó dìde sá lọ."

Kò dìde. Wọ́n tan iná, Àrìmíyàù ṣì ń retí rẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọbìnrin tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì bi wá bóyá a gbádùn rẹ̀. Màmá nu ojú: "Ma fille, c'était très joli, mais la tortue-là m'a fait pleurer." Ó ní ó dára gan-an, ṣùgbọ́n ìjàpá yẹn mú òun sunkún.

Àrìmíyàù la ẹnu sílẹ̀. "Màmá, ẹ gbọ́ Faransé?"

"Èdè wo ni mo fi ń tajà láti ogójì ọdún? Ìwé ni n kò mọ̀, ọmọ mi, n kò dití. Èdè Japan ni wọ́n ń sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Inú ìwé tó wà nísàlẹ̀ ni Faransé wà."

Bí àlejò bá ní ẹnu bí onílé, kò lè ní Faransé bí onílé. Ẹlòmíràn ì bá dọ̀bálẹ̀ kó bẹ̀bẹ̀. Àrìmíyàù fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè.

"Ṣé ẹ rò pé Faransé ni mò ń túmọ̀ ni, Màmá? Èdè Japan náà ni mo gbọ́."

Màmá tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ó dára, ọmọ mi. Tí o bá ti rí ìyàwó ní Japan, rán ìjàpá yẹn wá pè wá. Òun kì í parọ́."