Ọjọ́ Tí Mo Fi Gbohùngbohùn Olóògùn Eku Ṣèpàdé

Bí mo tilẹ̀ darúgbó débi tí mi ò rántí ibi tí mo bọ́ bàtà sí mọ́, ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo lọ bá àwọn obìnrin Ko-Koumolou sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ wọn, tí gbogbo ọkùnrin abúlé náà sì ń bèèrè irú májèlé tí mo gbé wá.

Àwa obìnrin díẹ̀ la kó ara wa jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Ifangni. A ò ní ọ́fíìsì. Ẹ̀yìnkùlé alága wa la ti ń jókòó. Iṣẹ́ wa ni pé kí a máa ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, kí a máa sọ fún àwọn opó àti àwọn ọmọbìnrin pé òfin fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí oko tí ọkọ tàbí bàbá wọn fi sílẹ̀. Èmi ni wọ́n sábà máa ń rán. Wọ́n ní mo lẹ́nu.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àfúsá ló jẹ́ kí n lọ sí Ko-Koumolou. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi oko ẹ̀gẹ́ àti igi ọ̀pẹ díẹ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú ni Ràímì, àbúrò ọkọ rẹ̀, sọ fún un pé kó má gbẹ́sẹ̀ sínú oko náà mọ́, nítorí pé ọmọbìnrin nìkan ló bí. Ìyá Àfúsá tó ti ń ta gàrí fún àwọn ará Igolo tẹ́lẹ̀ wá ń ra gàrí jẹ. Ó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe dárúkọ òun níbi ìpàdé. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé mo mọ bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ tí inú ò fi ní bí ẹnikẹ́ni.

Òjò ti ba gbohùngbohùn ẹgbẹ́ wa jẹ́, èyí tí a máa ń gbé sẹ́nu bí ìwo. Ni mo bá lọ yá ti Kàsálì, tó ń gun alùpùpù ta oògùn eku kiri Igolo. Kàsálì ti gba ohùn ara rẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà, kí ọ̀fun má bàa máa dùn ún.

"Tàǹtí," ó ní, "bọ́tìnnì méjì ló wà níbẹ̀. Ẹ tẹ dúdú, ẹ máa sọ̀rọ̀ yín lọ. Ẹ má fọwọ́ kan pupa."

"Ṣé ó máa bàjẹ́ ni?"

"Kò ní bàjẹ́. Ọjà mi ló máa polówó."

Mo dúpẹ́, mo gun sẹ́mìjàn, alùpùpù tó ń gbé èrò. Aṣọ funfun ni mo wọ̀, nítorí mo gbà pé ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òfin, ó yẹ kó mọ́. A ò tíì rìn jìnnà tí ọlọ́kọ̀ fi dúró gba kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan tó fẹ́ gbé fún àna rẹ̀. Ó ní kí n bá òun gbé e lé itan. Ìdérí rẹ̀ ò dé dáadáa. Nígbà tí a bọ́ sí kòtò àkọ́kọ́, epo ta sí mi láyà. Nígbà tí a bọ́ sí èkejì, ó di pé ẹni tó bá rí mi kò ní mọ̀ pé aṣọ funfun ni mo wọ̀ jáde nílé.

"Ẹ má bínú, Tàǹtí," ọlọ́kọ̀ ní. "Epo gidi ni."

Nígbà tí a dé Ko-Koumolou, Ìyá Àfúsá yá mi ní bùbá àti ìró. Ènìyàn tín-ín-rín ni Ìyá Àfúsá. Èmi kì í ṣe ènìyàn tín-ín-rín. Ìró náà yí mi ká, ó ku díẹ̀ kí etí rẹ̀ méjèèjì pàdé. Ọwọ́ òsì ni mo fi dì í mú, ó wá ku ọwọ́ ọ̀tún fún gbohùngbohùn. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ẹ̀rọ náà dáadáa. Oòrùn ti jẹ bọ́tìnnì méjèèjì. Ọ̀kan ò pupa, ọ̀kan ò dúdú.

Ṣẹ́fù abúlé ti yọ̀ǹda pé kí a ṣèpàdé, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, kí àwọn obìnrin gbọ́ ọ. Òun àti àwọn ọkùnrin yòókù lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lápá kejì pápá, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wa. Ràímì wà láàárín wọn. Mo gorí àga, mo kí àwọn obìnrin, mo tẹ bọ́tìnnì kan. Ohùn mi jáde ketekete. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ṣàlàyé òfin, wọ́n ń mi orí. Nígbà tí mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti ń wọ̀ wọ́n lára, mo gbé ohùn sókè:

"Ẹ̀yin ìyá mi, bí ọkọ yín bá kú, tí ẹbí ọkọ wá gba oko lọ́wọ́ yín, kí ló yẹ kí ẹ ṣe?"

Mo fẹ́ sinmi díẹ̀ kí wọ́n lè dáhùn. Àtàǹpàkò mi yẹ̀. Kàsálì ló dáhùn, ohùn rẹ̀ sì dé òpin abúlé:

"Ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ!"

Mo sáré tẹ bọ́tìnnì, ẹ̀rọ dákẹ́. Lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn ọkùnrin yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ má bínú," mo ní, "kì í ṣe èmi ni mo sọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, ẹ má jìyà lásán..."

"Ẹ má jìyà mọ́!" Kàsálì gbà á lẹ́nu mi. "Tó bá ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí! Kì í rùn, kì í jẹrà! Aládùúgbò ò ní mọ̀!"

Mo tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Mo ya ẹnu láti ṣàlàyé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ lè mọ bí ìṣòro mi ṣe tó, Kàsálì kì í dárúkọ eku títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fa oníbàárà mọ́ra. Gbogbo ìgbà tí mo bá sì pa ẹ̀rọ náà, ṣe ni mò ń pa á kí eku tó dé.

Àwọn ọkùnrin ti dìde. Ẹ̀rù ò tíì bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n bá lé mi, kò sí ẹni tí yóò tún gba ẹgbẹ́ wa láàyè ní agbègbè náà, orí Ìyá Àfúsá ni wọn yóò sì da ìyókù ìbínú wọn lé. Ẹ̀rọ náà ń pariwo lọ́wọ́ mi. Bọ́tìnnì rẹ̀ ti há, ó gba ọwọ́ méjèèjì kí n tó lè pa á, bẹ́ẹ̀ ìró ti ń yọ̀. Mo ní láti yan ọ̀kan. Mo di ìró mú. Ẹsẹ̀ àga yẹ̀, mo bá ara mi nílẹ̀, mo jókòó pẹ̀lú ìró mi. Kò tú.

Ràímì ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. "Ta ni kí wọ́n pò ó mọ́ oúnjẹ fún?" ó ń pariwo. "Ta ni? Èmi ò ní jẹun lábúlé yìí mọ́! Ṣẹ́fù, ẹ pe jàǹdáámù kí wọ́n wá mú un!"

Ṣẹ́fù na ọwọ́ sókè. Àgbàlagbà tí kì í kánjú ni. Ó wò mí nílẹ̀, ó wo gbohùngbohùn, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí ó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Gbogbo wa bá dúró, tọkùnrin tobìnrin, à ń tẹ́tí sí Kàsálì bí ẹni ń gbọ́ ìwáàsù. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó wá parí rẹ̀: "Oògùn eku Kàsálì! Eku ilé, eku oko, kò yan èyíkéyìí!"

Ìyá àgbà kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kí a tó mọ̀, àwọn obìnrin ń dìgbò lura wọn. Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ti Ràímì kò jáde dáadáa. Ṣẹ́fù yíjú sí i.

"Ràímì, gbogbo wa là ń jẹ oúnjẹ obìnrin lábúlé yìí. Kí ló dé tó jẹ́ ìwọ nìkan ló ń sá?"

Gbogbo ojú bá lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àfúsá, èmi tí mo ṣèlérí pé mi ò ní dárúkọ rẹ̀ sì ń wo ilẹ̀. Ó dìde. Ó ṣe é bí ẹni pé àga gbóná ni.

"Mi ò ní oògùn kankan," ó ní. "Oko mi ni mo fẹ́. Èmi àti ọkọ mi la jọ ṣán an."

"Ta ló lé ẹ?" Ràímì ní kíákíá. "Ṣé mo lé ẹ ni? Oko ẹ wà níbẹ̀ kẹ̀! Kò sídìí tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi á fi bínú sí mi."

"Dákọ̀, ó dáa bẹ́ẹ̀," Ṣẹ́fù ní. "Gbogbo wa ti gbọ́."

Ìjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ri pèrègún mọ́ ààlà oko náà lójú àwọn àgbààgbà. Ìyá Àfúsá ti gba oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ igi ọ̀pẹ ṣì ń bẹ lọ́wọ́ Ṣẹ́fù. Ràímì ní òun ò rántí pé òun mẹ́nu kan ọ̀pẹ. Nígbà tí alága wa bi mí bí ìpàdé ṣe lọ, mo ní ó lọ dáadáa, pé àwọn ọkùnrin náà wá. Ohun tí mo kọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbẹnu sọ fún ẹlòmíràn, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó gbé sẹ́nu. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń dán ẹ̀rọ wò nílé, mo sì ń wọ aṣọ tó gbà mí.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, Ràímì wá sí Ifangni, ó yà kí mi. Mo bu omi fún un. Ó gbà á, ó wo inú ife náà, ó wo ojú mi.

"Tàǹtí," ó ní jẹ́jẹ́, "ẹ kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo mu ún. Ẹ̀rín ló fẹ́ fún mi pa.