Rédíò Pa Ọkọ Mùkàrámà

Ìyálẹ̀ta ni Mùkàrámà já wọ ilé rédíò kékeré kan ní àdúgbò Abobo Gare, ìbọ̀rùn lọ́rùn, bàtà lọ́wọ́. Lábọ̀dé tó ń ka ìròyìn Yorùbá níbẹ̀ sáré dìde.

"Ẹ kú ìrójú, Màmá. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere."

"Afẹ́fẹ́ rere wo? Ọkọ mi ń bẹ nílé, ó ń jẹ atíẹ́kẹ́!"

"Há! Òkú ń jẹ atíẹ́kẹ́?"

"Abọ́ kejì ló wà! Ìwọ lo pa á, Lábọ̀dé. Aago mẹ́jọ àárọ̀ lo pa á lórí rédíò, o ò tiẹ̀ jẹ́ kó fọ ẹnu."

"Èmi kọ́, Màmá. Orí WhatsApp ni mo ti rí i. Bàbá nà gbalaja nínú aṣọ funfun, ojú padé."

"Aṣọ Mẹ́kà ni! Ó ń dán an wò, ooru mú un, oorun gbé e lọ. Rokia ọmọ-ọmọ mi ló ya fọ́tò yẹn. Ṣé òkú a máa hanrun ni?"

"Fọ́tò kì í hanrun, Màmá."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Àwọn tó ń kó èèyàn lọ Mẹ́kà ti gbọ́ lẹ́nu èèyàn pé ó kú, wọ́n sì pè mí. Wọ́n ní tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn á fi àyè ẹ̀ fún ẹlòmíì. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wá àyè yẹn! Yáa sọ fún wọn pé ó wà láàyè."

Lábọ̀dé fa ẹ̀wù rẹ̀ gún.

"Ohun tí rédíò bá ti sọ, abẹ gé e. Facebook gan-an sọ ọ́."

"Kà á kí n gbọ́."

"'Bàbá Ṣẹ̀rífù Aláṣọ ti papòdà, gẹ́gẹ́ bí...'" Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "'...gẹ́gẹ́ bí rédíò ti sọ.'"

"O ò rí i? O ti irọ́ jáde lẹ́yìnkùlé, o tún lọ pàdé ẹ̀ níwájú ilé, o ń kí i káàbọ̀!"

Lábọ̀dé fò mọ́ míkírò.

"Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, Bàbá Ṣẹ̀rífù kò kú mọ́ o!"

Mùkàrámà pe àwọn tó ń kó èèyàn lọ Mẹ́kà.

"Ẹ gbọ́ rédíò? ... Ẹ ò ní kínni?" Ó yọ fóònù létí. "Wọ́n ní àwọn ò ní rédíò. Ká sọ ọ́ sórí WhatsApp."

"Èmi? Ọdún mẹ́tàlélógún nídìí míkírò?"

"Jókòó síbi tó mọ́lẹ̀, jàre. Nu òógùn ojú ẹ."

Mùkàrámà ká a sínú fídíò bó ṣe ń sọ pé Bàbá wà láàyè, ó fi ránṣẹ́. Kò pẹ́, èsì dé. Mùkàrámà kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ni wọ́n wí, Màmá?"

"Àyè Bàbá dúró! Jímọ̀ ni wọ́n ń gbéra. Wọ́n tún ní ká bá àwọn kí ẹ. Látìgbà táwọn ò ti gbọ́ rédíò mọ́, àwọn rò pé ìwọ lo ti kú tipẹ́."