Ife Tíì Tó Kọ̀ Tí Kò Tutù

Òwúrọ̀ kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láé. Ìyàwó mi fi ọmọorí bo ife tíì mi nílé wa ní Kokomlemle, ní Accra, ó ní, “Bàbá Ṣọlá, ẹ má jẹ́ kó tutù o.” Mo jẹ́ kó tutù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló kú.

Àwa méjèèjì la jọ ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà bí àkókò ti ń lọ. Nídìí pátákó, ẹni tó bá mú ṣọ́ọ̀kì kò gbọdọ̀ dá ronú. Ohun tí ẹnìkejì bá pè ni yóò kọ. Èmi ni ọwọ́, ìyàwó mi ni ẹnu. Kó tó pe nǹkan kan, á kọ́kọ́ máa kùn bí oyin.

Nígbà tí mo padà síbẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, mo ti pinnu pé bí n kò bá lè dá ìṣirò kan ṣe lọ́jọ́ náà, n kò ní padà wá sí kíláàsì mọ́. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni bí ife tíì ṣe ń tutù.

Òjò ṣú, gbọ̀ngàn kíláàsì ṣókùnkùn, iná ti lọ, dumsor ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Mo pa súìṣì gílóòbù bí mo ti máa ń ṣe nílé, mo gbé ife lé orí àpótí kan tí wọ́n fi aṣọ bò. Alhaja, ọmọ kíláàsì wa tó ń ta abọ́ ní ọjà Mamobi, ń wo tẹmómítà, ó ń pe nọ́ńbà. Tíì ń tutù bó ti yẹ. Lójijì, Alhaja tẹjú mọ́ tẹmómítà.

“Bàbá Ṣọlá, ó ń gòkè.”

“Ẹ tún un wò.”

“Mo ní ó ń gòkè!”

Nígbà náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ife, jẹ́jẹ́, bí oyin. Orí mi wú.

“Ìyá Ṣọlá,” mo ní, “ṣé ìwọ ni? Kí ni kí n kọ?”

“Astagfirullahi!” Bàtà kan ṣoṣo ni Alhaja fi sá jáde. Olùkọ́ wa, ọmọ Accra tó máa ń sọ pé ohun gbogbo ló ní ìdí, ti ṣáájú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. “Ei, Alata!” ló ń pariwo, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

Mo dúró, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mò ń retí ìdáhùn. Mo ká aṣọ náà sókè: stabiláísà tó ń ṣètò iná kọ̀ǹpútà kíláàsì ni, ògbólógbòó, ó ń kùn, ó sì ń gbóná. Iná ti dé tipẹ́. Èmi tí mo pa súìṣì ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ti ẹ̀rín nìkan. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń ká aṣọ wò kí n tó pe òkú. Mo wá kọjú sí pátákó: bí ife bá ti gbóná ju yàrá lọ tó ni yóò ṣe máa yára tutù, kí a wá ro ooru tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ mọ́ ọn. Mo kọ ọ́ délẹ̀.

Alhaja yọjú lójú fèrèsé. “Ta ló pè é fún yín?”

“Èmi ni,” mo ní.