Akàn Tó Wa Mọ́tò Fàtíù

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná! Ẹjọ́ abọ́ ni o. Abọ́ tó dọ̀tí.

Ẹ mọ Fàtíù bíríkìlà, lẹ́yìn Jakande níbí. Gbogbo Iléyá ni òun àti Sìdíkàt ìyàwó ẹ̀ máa ń pe àdúgbò wá wo eré-ìje mọ́tò àfọwọ́ṣe. Agolo mílíìkì ni bọ́dì, ìdérí ìgò ni táyà. Wọ́n á tì í láti orí pákó, á máa yí lọ fúnra ẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí bátìrì. Ẹni tó bá gbawájú á gba kọ́ọ̀pù, ẹni tó bá gbẹ̀yìn á fọ gbogbo abọ́ tí àlejò fi jẹun.

Lọ́dún yìí, tọkọtaya yẹn ló kojú ara wọn. Fàtíù gba kọ́ọ̀pù. Sìdíkàt ní òun ò ní fọ abọ́ kankan. Abọ́ ṣì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, eṣinṣin ti sọ ibẹ̀ di ilé.

Baálẹ̀ ń ta eyín. "Sìdíkàt, kí ló dé?"

"Baba, Bàbá Rùkáyàt, ọkọ mi yìí, rẹ́ mi jẹ! Mọ́tò mi ló wà níwájú kó tó dúró. Tiwọn náà dúró. Ṣé kí n máa wò ó, tiwọn tún gbéra! Ó ń rìn kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ó kọjá tèmi, ó kọjá ìlà, kò dúró mọ́! Mo yí i padà, akàn ló wà lábẹ́ ẹ̀! Akàn tí mo rà ní Eleko fún ọbẹ̀ àlejò!"

"Fàtíù, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Baba. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ni òfin kọ̀. Akàn kì í ṣe ẹ́ńjìnnì."

"Kí wá ni?"

"Dírẹ́bà ni."

"Dírẹ́bà?!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Báwo ni mọ́tò á ṣe máa rìn láìní dírẹ́bà? Ẹ bi Ìyá Rùkáyàt, ta ló ń wa tiẹ̀?"

Olóyè Ọdúnjọ dá sí i. "Ṣebí ẹ̀gbẹ́ ni akàn fi ń rìn?"

"Ìyẹn ni mo ṣe so ó ní ìdábùú, Olóyè. Iṣẹ́ bíríkìlà ò kúkú kéré."

Sìdíkàt pòṣé. "Tẹ́ ẹ bá fi ọgbọ́n yẹn tún òrùlé wa tó ń jò ṣe ńkọ́?"

Wọ́n pe Ìsìmáílà oníkẹ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ Fàtíù, òun ló dúró níbi ìlà.

"Baba, mi ò rí akàn kankan. Akàn tí ò tiẹ̀ ju báyìí lọ!" Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n.

Rẹ̀míláyọ̀ aládùúgbò fò dìde. "Irọ́ ni! Akàn ńlá ni! Abẹ́ àga mi ló yà sí, ó gé mi ní ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún!"

"Ẹsẹ̀ òsì lo di báńdéèjì mọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n, Baba. Bàtà ọ̀tún ló há, kò gba báńdéèjì."

Baálẹ̀ lu àga. "Ó tó! Ẹ gbé akàn yẹn wá, kóun fúnra ẹ̀ wá rojọ́."

Sìdíkàt kúnlẹ̀.

"Baba, mo ti sè é mọ́ ilá."

"Ilá ọ̀hún dà?"

"Òun ni mo gbé wá kí yín láàárọ̀, Baba."

Baálẹ̀ yọ igi ìtayín lẹ́nu, ó wò ó, ó rọra fi í sápò. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fi ìborùn bo ẹnu.

Baálẹ̀ wúkọ́. "Fàtíù, ta lo ní ó wa mọ́tò ẹ?"

"Akàn ni, sà."

"Ṣé o ò ní yí ọ̀rọ̀ padà?"

"Láéláé, Baba!"

"Ó dáa. Akàn ló gbawájú. Sìdíkàt ló ṣe ìkejì. Ìwọ tí o ò wa nǹkan kan, ìwọ lo gbẹ̀yìn. Lọ fọ abọ́."

"Hà! Kọ́ọ̀pù mi ńkọ́?"

"Ti akàn ni. Akàn sì ti wà nínú mi. Gbé e wá."

Fàtíù gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀, ó ń ráhùn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Baálẹ̀ pè é padà, ó na abọ́ ilá sí i.

"Mú tèmi náà mọ́ ọn."