Ẹ Tọrọ Ìtàn Kí Ẹ Tó Fi Ohùn Kà Á

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Àgbọ̀nlé-Odò, ẹ gbọ́ o!

Ìwọ tó gbé fóònù sókè níbẹ̀ yẹn, sọ ọ́ kalẹ̀. Mo ní kí o sọ ọ́ kalẹ̀! Ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu mi jáde yìí, o kò tíì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni fóònù ti dá mi dúró. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé.

Ẹ gbọ́ o! Kábíyèsí, Alágbọ̀nlé ti Àgbọ̀nlé-Odò, ló rán mi. Àwọn ìjòyè ló jókòó sẹ́yìn mi yìí. Ojú ń tì wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé.

Gbogbo yín mọ ìtàn Àwẹ̀ró Etí Odò. Tíṣà Adésẹ̀yẹ ló kọ ọ́ ní ogún ọdún sẹ́yìn, tó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìwé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwẹ̀ró kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ. Ó dé etí odò. Ọkọ̀ ojú omi ń bọ̀. Ibẹ̀ ni Tíṣà ti gbé kálàmù sílẹ̀. Ó ní ó tán. Ìlú ní kò tán. Láti ìgbà náà ni ẹni tó bá ti ní kálàmù ti ń fi tirẹ̀ kún un. Ẹni mẹ́rìndínlógún ló ti kọ àfikún. Nínú ti Ṣówùnmí bírìkìlà, Àwẹ̀ró dé òkè odò, ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ojú ewé mẹ́jọ ni wọ́n fi po sìmẹ́ńtì. Nínú ti Bàbá Ìjọ, Àwẹ̀ró kò tíì wọ ọkọ̀ títí di òní. Àdúrà ni wọ́n ṣì ń gbà létí odò.

Ti Súnmádé aránṣọ ló dùn jù. Ẹnikẹ́ni kò jiyàn rẹ̀. Nínú ti Súnmádé, Àwẹ̀ró wọ ọkọ̀. Ó rékọjá. Kò padà.

Láníyọnu onígbàjámọ̀ rí ìwé náà. Láníyọnu ní ohùn. Ohùn tí Ọlọ́run ì bá fún àlùfáà, onígbàjámọ̀ ló fún. Ó ka ìtàn náà sínú fóònù. Kò béèrè lọ́wọ́ Súnmádé. Ó fi í sórí Wásáàpù ìlú. Àwa náà kò béèrè. A gbọ́. Àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran kàwé mọ́ gbọ́. Kábíyèsí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí Láníyọnu dé ìparí, ìparí náà kò wù ú. Ó yí i padà. Ó ní Àwẹ̀ró sọkún láàárín odò. Ó ní ọkọ̀ yí orí padà. Ó ní obìnrin náà kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́. Odidi ìlú pàtẹ́wọ́.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ẹjọ́. Súnmádé fúnra rẹ̀ ti kúrò nílé ọkọ rẹ̀, Ọlátẹ́jú, láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní ó ń na òun. Ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ nígbà náà kò ní béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ọlátẹ́jú pè é lẹ́jọ́ sí ààfin. Lọ́jọ́ ẹjọ́, àwọn ìjòyè kò bi í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n mú fóònù jáde. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Láníyọnu sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní Súnmádé, ṣé ìwọ kọ́ lo kọ ọ́ ni? Àwẹ̀ró rẹ padà. Ìwọ náà, padà. Súnmádé ní òun kò kọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní etí àwọn ló gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n wo ìwé. Wọ́n ní ìwé kì í sọ̀rọ̀, fóònù ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́sàn-án kó padà sílé ọkọ.

Òní ló pé mẹ́sàn-án.

Lánàá, Ìyálóde gbé ìwé náà wá fún Kábíyèsí. Kábíyèsí wọ awò ojú. Ó kà á. Ó tún un kà títí oúnjẹ fi tutù níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n ṣe òfin. Àwọn ìjòyè ló kọ òfin náà. Èmi kàn ń ké e ni. Ẹ má wo ojú mi.

Àṣẹ kìíní! Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ohùn ka ìtàn ẹlòmíràn, ì báà ṣe sínú fóònù, ì báà ṣe sínú rédíò, ì báà ṣe sínú kòkò òfìfo, kó kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́. Kó tọrọ rẹ̀! Kó tọrọ rẹ̀ kó tó ya ẹnu! Kì í ṣe lẹ́yìn tó ti yà á.

Àṣẹ kejì! Bí a ṣe ń tọrọ ọmọge ni ká máa tọrọ ìtàn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjòyè wí. Obì olójú mẹ́rin. Oyin ìgò kan. Àgbàlagbà méjì tí kò mutí. Kí wọ́n dọ̀bálẹ̀. Kí wọ́n ní àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, ó wu àwọn láti já. Kí òǹkọ̀wé béèrè pé òdòdó wo. Kí wọ́n wá dárúkọ ìtàn náà, àti orí tí wọ́n fẹ́ kà nínú rẹ̀.

Ìyàwó Láníyọnu, mo rí ọ. Fi ọmọ orógùn sílẹ̀. Ìtàn ni ọkọ rẹ fẹ́ tọrọ. Kì í ṣe Súnmádé. Mo tún un wí. Ìtàn ni!

Àṣẹ kẹta! Ìdákẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Bí òǹkọ̀wé kò bá dáhùn, kò tíì dáhùn nìyẹn. Ó lè máa jẹun lọ́wọ́. Ó lè wà lẹ́yìn odi. Ẹ dúró. Ẹ má wá sọ fún wa pé ẹ ti fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, pé àmì méjì ti yọ, pé ó ti rí i. Rírí kì í ṣe gbígbà. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ewúrẹ́ Ọ̀tún. N kò tíì pa á jẹ.

Àṣẹ kẹrin! Bí òǹkọ̀wé bá ti kú, ẹ lọ bá ọmọ rẹ̀. Ẹ má lọ sí ibojì. Fákúnlé ti lọ sí ibojì. Ó ní òun béèrè lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni náà kò sì sọ pé rárá. Fákúnlé, padà sí àṣẹ kẹta.

Àṣẹ karùn-ún! Òǹkọ̀wé tó bá gbà, bó ṣe kọ ọ́ ló gbà kí ẹ kà á. Ẹ má fi iyọ̀ sí i. Ẹ má yọ eegun rẹ̀. Ẹni tó bá kú nínú ìwé, kó kú nínú fóònù. Ẹni tó bá lọ, kó lọ! Mo ní ẹni tó bá lọ, kó lọ! Kí òǹkàwé dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ kó tó dárúkọ ara rẹ̀. Kó má tà á. Bí òǹkọ̀wé bá sì yí ọkàn padà lọ́la, kí òǹkàwé pa ohùn náà rẹ́, kó má ba ojú jẹ́.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń kùn lẹ́yìn yẹn. Ẹ ní ọwọ́ ta ni Súnmádé fúnra rẹ̀ ti tọrọ? Ẹ ní Tíṣà ló ni Àwẹ̀ró. Òótọ́ ni. Àwọn ìjòyè náà rò ó, inú wọn sì dùn. Wọ́n rán mi lọ bá Tíṣà. Mo bá a nídìí ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó ní ogún ọdún ni òun ti ń retí kí ẹnìkan wá béèrè. Ó ní ẹnìkan ṣoṣo ló wá. Kò mú obì wá. Kò dárúkọ òdòdó. Ó kúnlẹ̀, ó béèrè, òun sì ní kó máa kọ ọ́ lọ. Mo bi í pé ta ni. Ó ní Súnmádé ni. Inú àwọn ìjòyè kò dùn mọ́.

Nítorí náà, àṣẹ kẹfà! Ẹ̀yin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù, ilé Tíṣà lọ́la! Ẹ tò lẹ́sẹẹsẹ. Ṣówùnmí, ìwọ ni kó o ṣíwájú. Má gbé sìmẹ́ńtì lọ́wọ́. Bàbá Ìjọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kẹ́yìn. Bí ẹ bá ṣíwájú, àwọn mẹ́rìnlá yòókù yóò sùn síbẹ̀.

Àṣẹ keje! Ìjìyà! Ẹni tó bá kà láì tọrọ, yóò ro ọ̀nà odò láti ẹ̀yìn ààfin títí dé èbúté. Ẹni tó bá yí ìparí padà, yóò dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò gbọ́ àfikún Bàbá Ìjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò tíì ní òpin. Kó máa dúró. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìjìyà ńlá ni.

Ìjòyè tó bá fi ohùn tí wọ́n ti yí padà dá ẹjọ́... Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní sùúrù. Wọ́n ti fi yíǹkì pa ibí yìí rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìwé náà sójú oòrùn. Ó ti hàn. Ó ní òun náà yóò ro ọ̀nà odò. Ẹ ṣé o, Ọ̀tún. Yíǹkì yín kò nípọn.

Ẹ yàgò fún un! Ẹ yàgò fún un! Láníyọnu ń bọ̀. Ó mú obì lọ́wọ́. Oyin wà níbẹ̀. Àgbàlagbà méjì tí kò mutí ni òfin wí. A wá a yíká ìlú. Ọ̀kan la rí.

Ó ti dọ̀bálẹ̀ síwájú Súnmádé. Àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní òun rí òdòdó kan. Súnmádé ní kó fi òdòdó sílẹ̀, kó sọ ohun tó ṣe. Ó ní òun yí ìparí padà. Súnmádé ní nítorí kí ni? Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Ó ní nígbà tí òun dé ibẹ̀, ẹkún ló gbọ̀n òun. Ó ní òun kò lè jẹ́ kí obìnrin náà dá wà lójú omi. Súnmádé ní kò dá wà. Ọlọ́kọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní Láníyọnu kò ka ojú ewé yẹn dáadáa.

Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀! Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀! Súnmádé gbà! Ó ní kó kà á. Ṣùgbọ́n kó kà á níbí, nísinsìnyí, bí òun ti kọ ọ́, kí àwọn ìjòyè gbọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé etí ni wọ́n fi ń dájọ́.

Mo gbé agogo sílẹ̀ ná.

Ó ti kà á tán. Àwẹ̀ró wọ ọkọ̀. Ọlọ́kọ̀ bi í pé níbo. Ó ní òdìkejì. Ó rékọjá. Kò padà. Ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́. Ìyàwó Láníyọnu ń fi ìborùn nu ojú. Ọlátẹ́jú dìde, ó ní ìtàn lásán nìyẹn. Kábíyèsí ní nígbà tí Àwẹ̀ró padà nínú fóònù, ṣé kò tíì di ìtàn lásán nígbà náà? Ọlátẹ́jú ti jókòó.

Àṣẹ kẹjọ! Kò sí nínú ìwé. Ẹnu Kábíyèsí ló ti ń jáde bọ̀. Wọ́n ti wọ́gi lé ọjọ́ mẹ́sàn-án. Súnmádé kò padà. Ẹ gbọ́ o! Kò padà! Kí Ọlátẹ́jú yọ̀ǹda gbogbo ẹrù Súnmádé fún un kí oòrùn tó wọ̀.

Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ará oko. Ẹni tí kò gbọ́, kó bi etí rẹ̀ léèrè. Kábíyèsí ló ni ọ̀rọ̀, èmi ni mo ni ẹsẹ̀. Mo ti gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Ọwọ́ yín ló kù sí.

Ẹ gbọ́ o! Ìkéde ìrọ̀lẹ́ nìyí. Kò gùn. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ aránṣọ ti kó ẹrù Súnmádé tán. Ìdérí ẹ̀rọ ìránṣọ ló kù nílé Ọlátẹ́jú. Ó ti là sí méjì, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀.